Orí Kẹfà: Owó Ìwádìí Jẹjẹrẹ ní Yorkshire, àti Lẹ́tà Tó Ń Wá Wa

Ẹni tó bá ń gbé ní Leeds, Sheffield, Bradford, Hull tàbí ìlú mìíràn ní Yorkshire yóò ti rí ṣọ́ọ̀bù tàbí àpótí ìdáwó Yorkshire Cancer Research níbì kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀ka Cancer Research UK ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ Yorkshire nínú British Empire Cancer Campaign, ẹgbẹ́ tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1923. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ẹgbẹ́ ńlá yẹn yí orúkọ padà, ó sì para pọ̀ mọ́ òmíràn ní 2002 láti di Cancer Research UK. Ti Yorkshire dá dúró. Harrogate ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba owó lọ́wọ́ ará àgbègbè, kó sì fi sanwó ìwádìí tí àwọn dókítà àti onímọ̀ ń ṣe ní yunifásítì àti ilé ìwòsàn ibẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti àjọ náà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ìwádìí kò lè ṣàìní: owó àti ènìyàn. Àwa Yorùbá kì í ṣe ahun bí wọ́n bá ní ká dáwó. Orúkọ wa ló ṣọ̀wọ́n nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí náà lé lórí. Nítorí náà ni mo ṣe máa kọ́kọ́ sọ bí ìwádìí ṣe ń rí ènìyàn, kí n tó dé orí bí a ṣe ń fowó sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni àgbègbè kan ń fi àjọ tirẹ̀ ṣe, nígbà tí èyí tó kárí gbogbo ilẹ̀ wà. Jẹjẹrẹ kì í pín dọ́gba láàárín ìlú. Barnsley tí wọ́n ti wa èédú, Sheffield tí wọ́n ti rọ irin, Bradford tí wọ́n ti hun aṣọ, ibi tí sìgá ti wà lẹ́nu òṣìṣẹ́ láti ìran dé ìran, ìlera ibẹ̀ kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ti àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ ní gúúsù. Owó ìwádìí ìṣègùn ní Britain sì máa ń wọ́ lọ sí London, Oxford àti Cambridge. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún ló ń gbé ní Yorkshire. Ó tọ́ kí wọ́n ní ẹni tí yóò máa béèrè ìbéèrè tiwọn.

Ọkọ̀ tó dúró síwájú ilé ìtajà

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè ṣe, ẹ wo ti ẹ̀dọ̀fóró. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró máa ń dákẹ́ sínú ara. Ìgbà tí ikọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bá fi bẹ̀rẹ̀, ó ti tàn débi pé iṣẹ́ abẹ kò ní lè ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ mọ́. Ní 2011, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí èèyàn tó lé ní 53,000 kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé bí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ CT tí ìtànṣán rẹ̀ kéré yẹ àyà àwọn tó ti mu sìgá púpọ̀ wò lọ́dọọdún, ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ yìí ń dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọ́n fi X-ray lásán yẹ̀ wò. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àwọn tí ewu náà wà lọ́rùn wọn máa wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣemọ́jú, tí kò ní mọ́tò, tó tún ń bẹ̀rù ohun tí dókítà máa sọ, kì í yà sí ilé ìwòsàn ńlá nítorí ohun tí kò tíì dùn ún.

Ní Leeds, ilé ìwòsàn ló lọ bá wọn. Láti 2018, nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní Yorkshire Lung Screening Trial, wọ́n gbé ẹ̀rọ CT sínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ náà sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà, níbi tí èèyàn ti ń ra búrẹ́dì àti mílíìkì. Wọ́n wo ìwé àwọn GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, láti mọ àwọn tó wà láàárín ọdún 55 sí 80 tí wọ́n ti mu sìgá rí. Wọ́n kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti mọ ẹni tí ewu rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì pe ẹni bẹ́ẹ̀ wá síbi ọkọ̀. Yorkshire Cancer Research ló sanwó rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn. Nígbà tó yá, wọ́n fi àyẹ̀wò kíndìnrín kún un: ẹ̀rọ kan náà, ìdùbúlẹ̀ kan náà, wọ́n kàn mú àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn ni. Èèyàn tó lé ní 4,000 ló gbà kí wọ́n ṣe é fún àwọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba kéde pé àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀fóró yóò kárí England fún ẹni ọdún 55 sí 74 tó ti mu sìgá rí.

Ẹ padà wo ìdí tí lẹ́tà fi dé ọwọ́ àwọn èèyàn Leeds yẹn. Inú ìwé GP ni wọ́n ti rí orúkọ wọn, ọjọ́ ìbí wọn, àdírẹ́sì wọn, àti àkọsílẹ̀ pé wọ́n mu sìgá rí. Ẹni tí kò bá sí nínú ìwé yẹn kò sí lójú ìwádìí. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń ṣí kiri. Nọ́ọ̀sì dé sí Hull lónìí, ó gbé ọdún kan níbẹ̀, ó rí iṣẹ́ tó dára jù ní Leeds, ó ṣí lọ. Lẹ́tà rẹ̀ sì ń wọ ilé ẹlòmíràn ní Hull. Akẹ́kọ̀ọ́ gba fọ́ọ̀mù GP nígbà tó dé, kò kọ ọ́, ó ní ara òun le. Bàbá tó wá kí ọmọ rẹ̀ tó sì gba ìwé ìgbélùú kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan nítorí pé òun kì í ṣàìsàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi pọ́ùn kan sínú àpótí, ẹ ṣe èyí. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP tó wà ní àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ lé yín padà torí pé ìwé iná tàbí ìwé ìgbélùú kò sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣí kúrò ní ilé kan, ẹ yí àdírẹ́sì padà kí ẹ tó ra àga tuntun. Bí fọ́ọ̀mù bá béèrè ìran yín, ẹ má fo ibẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rò pé wọ́n fẹ́ fi ìyẹn yà wá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni oníwádìí ń wò bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ adúláwọ̀ ń gba ìtọ́jú tó tọ́. Bí wọ́n bá sì béèrè nípa sìgá, ẹ sọ òtítọ́, kódà bó bá jẹ́ pé ogún ọdún sẹ́yìn ní Ìbàdàn lẹ ti jáwọ́. Ẹni tó fi í pamọ́ nítorí ìtìjú ti yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú àwọn tí wọn yóò pè.

Ọ̀rọ̀ àpò àyẹ̀wò ìgbẹ́ náà kò yàtọ̀. Ọdún méjì-méjì ni NHS ń fi í ránṣẹ́ sí ẹni ọdún 50 sí 74 ní England, láti wá ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí nínú ìgbẹ́, tó lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ìfun. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù nítorí ìríra. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: ẹ fi igi kékeré tó wà nínú rẹ̀ kan ìgbẹ́ náà, ẹ tì í bọ inú ìgò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi ránṣẹ́ nínú àpò ìwé tí wọ́n ti sanwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá yín ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ikú bẹ̀rẹ̀. “Màámi, gbogbo àgbà tó wà ní ọjọ́ orí yín ni ìjọba ń fi èyí ránṣẹ́ sí, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí i fún yín.” Ọ̀rọ̀ yìí tó. Kì í pẹ́ tí ìbéèrè yóò fi tẹ̀lé e láti ẹnu ìyá fúnra rẹ̀.

Ohun tí Ilé-Ifẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú Leeds

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ni jẹjẹrẹ, pé oògùn tó bá wo òyìnbó sàn á wo àwa náà sàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn jẹjẹrẹ ìfun ńlá yìí.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní FOxTROT. Èèyàn 1,053 ló kópa nínú rẹ̀ ní Britain, Denmark àti Sweden, owó Cancer Research UK sì ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó sàn kí aláìsàn gba oògùn kímò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dípò kó gba gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2023, ó hàn pé ó sàn: láàárín ọdún méjì, jẹjẹrẹ ṣẹ́kù tàbí ó padà sára 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n 16.9 ni nínú àwọn tó kọ́kọ́ gba oògùn. Yorkshire Cancer Research ló wá ń sanwó fún àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń darí láti Leeds. Ọ̀kan nínú wọn wà fún àwọn àgbà àti àwọn tí ara wọn kò le, irú àwọn tí ìwádìí sábà máa ń fò dá.

Nínú FOxTROT náà, irú jẹjẹrẹ ìfun kan wà tí oògùn yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ràn. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara, àwọn èròjà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tún àṣìṣe DNA ṣe. Nínú irú jẹjẹrẹ yìí, àwọn èròjà ọ̀hún ti dẹ́kun iṣẹ́. Ní 2021, àwọn oníwádìí láti ilé ìwòsàn yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Memorial Sloan Kettering ní New York tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí jẹjẹrẹ ìfun àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n rí ni pé àmì irú jẹjẹrẹ yìí pọ̀ lára àwọn aláìsàn náà ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé wọn lọ.

Èyí kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ìfun ọmọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan yóò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé bí àwọn tó kópa nínú ìwádìí bá jẹ́ ọmọ ìran kan ṣoṣo, a kò ní mọ iye àwa tí oògùn náà bá mu. Ẹ má jókòó de ìwádìí tuntun kí ẹ tó lo ìmọ̀ yìí. Bí dókítà bá sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín pé jẹjẹrẹ ìfun ló ń ṣe é, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò MMR lára kókó jẹjẹrẹ náà, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọn èròjà tó ń tún DNA ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì béèrè ohun tí èsì rẹ̀ sọ nípa oògùn tí wọ́n fẹ́ lò. Ó wà nínú ìlànà ìtọ́jú ní England pé kí wọ́n ṣe é fún gbogbo ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí, nítorí náà ìbéèrè yín kì í ṣe àrífín.

Bákan náà ni ti próstéètì, kókó ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ní Britain, ọkùnrin dúdú kan nínú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ próstéètì yóò mú láyé rẹ̀. Láàárín gbogbo ọkùnrin lápapọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni. Prostate Cancer UK ló ń darí ìwádìí TRANSFORM, tí wọ́n fẹ́ fi mọ ọ̀nà tó dára jù láti ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ọkùnrin. Wọ́n ti pinnu pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú mẹ́wàá àwọn tí wọ́n máa pè yóò jẹ́ ọkùnrin dúdú, àti pé ọdún 45 ni tiwa yóò ti bẹ̀rẹ̀ dípò 50. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lẹ́tà ló ń pe ènìyàn láti inú ìwé GP. Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti rí ìdí tí mi ò fi yéé sọ̀rọ̀ nípa àdírẹ́sì. Kí lẹ́tà tó dé, ẹni tó ti lé ní ọdún 45 lè bá GP rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA.

“Wọ́n fẹ́ fi wá dánra wò ni.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi òde. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí wọ́n ti lo àwọn aláwọ̀ dúdú nílòkulò rí nínú ìwádìí, ní Amẹ́ríkà àti níbòmíràn. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ti òní rèé. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà títọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwádìí kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò fún yín ní ìwé àlàyé tí ẹ lè mú relé kà. Ẹ lè ní ẹ fẹ́ ògbufọ̀. Kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń ṣẹ́ gègé ẹni tí yóò gba ìtọ́jú tuntun àti ẹni tí yóò gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Dókítà kò lè yàn fún yín, ẹ̀yin náà kò sì lè yàn. Bí ẹ bá fẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì, ẹ lè jáde láìsọ ìdí, ìtọ́jú tó tọ́ sí yín kò sì ní yí padà.

Owó

Èyí tó ń mú owó wa ṣòfò jù ni àìmọ Gift Aid. Bí ẹni tó ń san owó orí ní Britain bá fún àjọ aláàánú ní £20, tó sì buwọ́ lu ìwé Gift Aid, àjọ náà yóò gba £5 lé e lọ́wọ́ ìjọba. Pẹ́ńsì 25 ni lórí pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fúnni kò sì ní san nǹkan kan kún un. Ohun tí wọ́n nílò ni orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé yín, àti ìkéde yín pé owó orí tí ẹ san lọ́dún náà kò kéré sí ohun tí àjọ náà máa gbà padà. Ẹni tí kò bá san owó orí, bí àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣiṣẹ́, kó má buwọ́ lù ú, nítorí ọrùn rẹ̀ ni wọ́n máa dá gbèsè náà lé.

Ẹ wá wo bí a ṣe máa ń ṣe é. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú pe ara jọ, wọ́n gbé abọ́ kiri, wọ́n rí £1,000, akápò sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì ẹgbẹ́. £250 tí ìjọba ìbá fi kún un ti lọ, nítorí pé ẹgbẹ́ kọ́ ni ó ń san owó orí; ènìyàn kọ̀ọ̀kan ni. Ọ̀nà tó dára ni pé kí ẹ gba fọ́ọ̀mù ìdáwó lọ́wọ́ àjọ náà ṣáájú ọjọ́ òde, kí olúkúlùkù kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti iye tirẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì fa àmì sí ibi Gift Aid. Tàbí kí ẹ ṣí ojú ìwé ìdáwó kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí oníkálukú fi fóònù rẹ̀ san án. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, owó aṣọ ẹbí àti owó oúnjẹ kò sí lára ohun tí Gift Aid kàn, nítorí wọ́n fi ra nǹkan ni.

Bí ẹ bá fẹ́ yà nínú èrè aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún tàbí ìsìnkú sọ́tọ̀ fún ìwádìí, ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tó máa jẹ́. Níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, mo fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ náà wá láti ẹnu ẹni tí àrùn náà ti kan ilé rẹ̀, bó bá gbà láti sọ̀rọ̀: “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, mo tọrọ àyè. Ẹ̀yin lẹ dúró tì wá nígbà tí ìyàwó mi wà ní ilé ìwòsàn. Mo fẹ́ kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn tó ń wá ìwòsàn àrùn náà.” Kò sí ìwé ìpolówó tó lè ṣe èyí. Ẹ má gbé àpótí sójú títì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù o, ẹ má sì gbé e wọ ilé ìtajà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ yẹ àjọ tí ẹ ń fún lówó wò. Lórí ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú, tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí nọ́ńbà àjọ kọ̀ọ̀kan ní England àti Wales, orúkọ àwọn alábòójútó rẹ̀, iye tó wọlé, iye tó jáde, àti bóyá ó fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́, bó ti wù kó sunkún tó. Ẹ má sì jẹ́ kí owó ńlá tí àjọ ìwádìí ní nípamọ́ já yín láyà. Ìwádìí kan lè gba ọdún márùn-ún, wọ́n sì ti ṣèlérí owó rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ wá nínú ìròyìn ọdọọdún wọn ni orúkọ ìwádìí tí wọ́n sanwó rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti ẹni tó yẹ ìwé ìbéèrè-owó wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àjọ tó dára máa ń lo àwọn onímọ̀ láti ìta, tí kò ní ìpín nínú owó náà, láti ṣe ìdájọ́ yìí. Èmi a tún máa wò ó bóyá wọ́n sọ iye àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìwádìí wọn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà béèrè. Ẹni tó dáwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Bí ẹ bá kọ ọ́ pé owó yín wà fún jẹjẹrẹ ọmú nìkan, ohun náà nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Mo gbà yín níyànjú kí ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan àyàfi bí ọkàn yín bá wà níbẹ̀ gidi, nítorí owó tí kò ní okùn lọ́rùn ni wọ́n fi ń sanwó iṣẹ́ tí kò ní alátìlẹ́yìn. Bí àpẹẹrẹ, ètò Active Together ní Sheffield, tí àjọ Yorkshire yìí ń sanwó rẹ̀ tí Yunifásítì Sheffield Hallam sì wà nídìí rẹ̀, ń ran aláìsàn lọ́wọ́ láti fi eré ìdárayá, oúnjẹ àti ìtọ́jú ọkàn mú ara le ṣáájú ìtọ́jú, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, àti lẹ́yìn rẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sábà wá sọ́kàn ẹni tó ń dáwó.

Ó ku ìwé ìhágún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ra ilé sí Yorkshire, a kò sì tíì kọ ìwé kankan. Ohun tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún àjọ aláàánú nínú ìwé ìhágún kò ní owó orí ogún lórí. Bó bá sì tó ìdá mẹ́wàá ogún tí owó orí kàn, owó orí lórí ìyókù lè sọ̀ kalẹ̀ láti 40 sí 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ pe àwọn ọmọ, ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè, kó má di ìjà. Kí lọ́yà sì kọ orúkọ àjọ náà ní kíkún, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, nítorí pé orúkọ àwọn àjọ jẹjẹrẹ jọra, bí ìwé náà bá sì kọ “Cancer Research” lásán, àwọn ọmọ lè máa bá ilé ẹjọ́ fà á fún ọdún mélòó kan.